Ọ̀dà Ìkẹyìn Ilé Onítáyà

Ọjọ́ tí Àìná wá sọ fún mi pé Moctar ni òun fẹ́ kó kun ilé onítáyà náà, mo ń mu ẹ̀kọ gbígbóná lọ́wọ́ níwájú ilé mi ní Tchatchou. N kò gbé igbá náà sílẹ̀. Mo mu ún tán, mo lá etí igbá, mo ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀." Bí ẹ̀kọ yẹn ṣe gbóná tó, n kò mọ̀ ọ́n lẹ́nu.

Ó ti pé ọdún mẹ́tàlá báyìí. Libreville ni mo wà, lọ́dọ̀ Latifath ọmọ mi, níbi tí òjò kì í ti í mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Bó bá ti sé mi mọ́lé, ọkàn mi a padà sí ẹ̀bá ọ̀nà yẹn, sí eruku pupa rẹ̀, sí abẹ́ igi kajú níbi tí ilé onítáyà wà.

Òyìnbó Faransé kan àti ìyàwó rẹ̀ ló so ó mọ́ ìdí Peugeot, tí wọ́n wọ́ ọ gba ọ̀nà Niger wá, nígbà tí èmi ṣì ń kọ́ṣẹ́ ọ̀dà. Irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ kán lẹ́nu ọ̀nà ilé Akíndélé, bàbá Àìná. Bàbá náà fún wọn ní yàrá, ó ń gúnyán fún wọn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n fi í sílẹ̀ fún un. Ilé ni lóòótọ́, torí ó ní ilẹ̀kùn, ó ní fèrèsé, ó ní ibùsùn. Àmọ́ orí táyà ló dúró sí. Ó rí roboto bí ẹyin awó. Oṣù kan ò tíì pé tí adìyẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yé sínú rẹ̀.

Èmi nìkan ni kì í wò ó bí ilé adìyẹ. Bí mo bá ń kọjá lọ, màá dúró, màá kùn ún lọ́kàn mi: òkè rẹ̀ funfun bí wàrà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ pupa inú ẹyin, ilà tóóró kan láàárín. Akíndélé ká mi mọ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Rafiou, ò ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ san owó orí rẹ̀," ó ní. "Má ṣèyọnu. Ọjọ́ tá a bá jí i dìde, ìwọ lo máa wọ̀ ọ́ láṣọ."

Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Akíndélé kú, mo ṣì dì í mú. Mo di ọlọ́dà tí gbogbo ẹkùn náà mọ̀. Láti Tchatchou dé Tchaourou, kò sí pátákó télọ̀, onídìrí tàbí oníkẹ̀kẹ́ kan tí ẹ ò ní rí RAFIOU DÉCOR ní igun ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ilé onítáyà nìkan ló kù.

Ìgbà tí Àìná wá fẹ́ jí i dìde, pé kí òun máa ta kọfí àti ẹyin díndín nínú rẹ̀ fáwọn onílórí tó ń lọ sí Parakou, Moctar ló lọ pè.

"Bàbá ẹ ṣèlérí fún mi," mo sọ fún un láàárọ̀ yẹn, lẹ́yìn tí mo lá igbá tán.

"Ọwọ́ tẹ́ ẹ ní nígbà yẹn ni bàbá mi ṣèlérí fún, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ yẹn ti ń gbọ̀n. Ẹ ò rí pátákó tẹ́ ẹ kọ fún Salifou oníkẹ̀kẹ́? Àwọn èèyàn ń bi í bóyá ejò ló wá ń tún ṣe báyìí, bí lẹ́tà yẹn ṣe wọ́ tó."

Kadidjatou ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín nínú ilé, ó wá ń díbọ́n pé ikọ́ ni.

Èmi ni mo kọ́ Moctar níṣẹ́. Bàbá rẹ̀ ló mú un wá bá mi láti Sanson. Ọdún méje ló lò lọ́dọ̀ mi kí n tó tú u sílẹ̀ níṣojú gbogbo ẹgbẹ́ ọlọ́dà, tí mo da pàúdà lé e lórí, tí mo ní kó máa lọ kó ṣe ju mí lọ. Ẹnu lásán ni gbogbo ọ̀gá fi ń súre yẹn. Ó lọ sí Cotonou, ó lo ọdún mẹ́sàn-án, ó sì gbé pistolet bọ̀, ẹ̀rọ tí í fẹ́ ọ̀dà jáde bí ìrì. Ẹ ò ní rí ojú búrọ́ọ̀ṣì lára iṣẹ́ rẹ̀ rárá. Àwọn ará ìlú ń lọ fọwọ́ pa ilẹ̀kùn tó kùn lára. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ pa tèmi lára rí.

Láàárín àwa ọlọ́dà ìhà ibẹ̀, ọmọ tá a ti tú sílẹ̀ kì í gba iṣẹ́ ńlá nílùú ọ̀gá rẹ̀ láìgbé obì wá. Ọ̀gá ni yóò kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kan iṣẹ́ náà. Nígbà tó bá sì ku ọ̀dà ìkẹyìn, ọmọ gbọ́dọ̀ wá béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá pé ìgbà wo ni kí òun fi í lé e, torí ọ̀gá ló mọ afẹ́fẹ́ ìlú. Ohun tí ọ̀gá bá wí ni ọmọ máa ṣe.

Moctar gbé obì wá lọ́jọ́ kejì. Ó dọ̀bálẹ̀ bí ìgbà tó ṣì wà lọ́mọ iṣẹ́.

"Patron, iṣẹ́ yín ni. Mo kàn ń bá yín ṣe é ni."

"Àìná ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi," mo ní.

"Tata Àìná ò mọ iṣẹ́ wa."

Mo gba obì, mo lọ, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kan ara páànù yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọwọ́ mi gbọ̀n. Gbogbo àwọn tó dúró síbẹ̀ rí i, gbogbo wọn sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ì bá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà lọ, mo ń gbé àga mi lọ sábẹ́ igi kajú láràárọ̀, bí ẹni tó lọ kí Àìná. Mo ń wá àṣìṣe Moctar bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ó fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò. Funfun kọ́kọ́ jáde, àwọ̀ ojú ọ̀run wà lábẹ́ rẹ̀, ilà àwọ̀ ewé tóóró kan tún wà lábẹ́ ìyẹn. Ó wọn ilà náà, ó kọ ọ́ sílẹ̀ kó lè dá a padà síbi tó wà. Èmi ì bá má rántí wọ̀n ọ́n. Ó gé ibi tí ìpẹtà ti jẹ, ó lẹ páànù tuntun mọ́ ọn. Ó fi mastic dí gbogbo kòtò, ó jẹ́ kó gbẹ, ó fi ìwé oníyanrìn àti omi fọ̀ ọ́ títí tó fi ń dán. Ó fi ọ̀dà pupa tí í lé ìpẹtà bò ó yíká. Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, á dijú, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa á lára láti mọ ibi tó bá ṣì ṣe hàràhàrà.

Èmi ni mo kọ́ ọ láti máa dijú. Èmi ni mo kọ́ ọ láti lo ẹ̀yìn ọwọ́. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wo ọwọ́ ara mi lápá ẹlòmíràn.

Bí Àìná bá gbé oúnjẹ dé, iwájú Moctar ló ń kọ́kọ́ gbé e sí. Moctar á dìde, á mú ègé wàgáṣì tó tóbi jù, wàrà Fúlàní yẹn, á fi í sínú abọ́ mi. Ìyẹn tún ń bí mi nínú ju ti Àìná lọ.

"Ẹ jẹun, ẹ̀gbọ́n," Àìná á wí. "Kò sẹ́ni tó fi ojú nìkan yó rí."

Ọyẹ́ ti mú gan-an nígbà tó ku ọ̀dà ìkẹyìn. Ikọ́ ń dà mí láàmú. Moctar wá sílé mi, ó jókòó sílẹ̀ lórí ẹní.

"Patron, ọ̀la ni mo fẹ́ fi ọ̀dà ìkẹyìn lé e. Àárọ̀ ni àbí ìrọ̀lẹ́?"

Ọjọ́ kejì yẹn ló ṣíwájú ọjà màlúù. Láti bí ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi oko kajú dí ọ̀nà àtijọ́, ẹ̀yìn ilé Àìná làwọn Fúlàní ń da màlúù gbà lọ sọ́jà, lẹ́yìn ìrun alásárì. Cotonou ni Moctar wà nígbà tí èyí bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nírú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀, torí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló máa ń lọ kí bàbá rẹ̀ ní Sanson. Àìná ń lọ sí Parakou láti ra ife. Èmi nìkan ni mo kù tí mo lè sọ fún un.

"Ìrọ̀lẹ́ ni," mo ní. "Láàárọ̀, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á máa jà. Tó bá di lẹ́yìn alásárì, á ti rọlẹ̀."

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ á rọlẹ̀ lóòótọ́. Mo wí bẹ́ẹ̀ fún ara mi ní gbogbo ọjọ́ náà, mo sì gbé àga mi lọ kí n lè fojú ara mi rí i.

Ó kùn ún. Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí, torí mo ti kùn ún lọ́kàn fún ọgbọ̀n ọdún, n kò sì kùn ún tó bẹ́ẹ̀ rí. Òkè rẹ̀ funfun bí wàrà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ inú ẹyin. Bí mo ti rí i lọ́kàn mi gan-an ni, àmọ́ n kò sọ fún un rí. Àbí mo ti sọ fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ibi tí mo dé nìyẹn tí mo fi gbọ́ pátákò màlúù.

Mo jókòó sórí àga mi. Màlúù bí igba ló ya gba ẹ̀yìn ilé. Eruku dìde, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó rọra ń bọ̀. Moctar yíjú, ó rí i. Ó fa tapólì tó wà nílẹ̀ yọ, mo rò pé ilé onítáyà ló fẹ́ fi bò. Àmọ́ a kì í fi nǹkan bo ọ̀dà tútù; yóò lẹ̀ mọ́ ọn ni. Èmi ló sáré wá bá.

"Patron, ikọ́ yín," ó ní, ó sì fi tapólì náà bò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

Mo jókòó sínú òkùnkùn yẹn, mò ń gbọ́ bí eruku ṣe ń rọ̀ sórí tapólì. Nígbà tó ṣí i, àwọ̀ inú ẹyin ti di àwọ̀ ilẹ̀.

Àìná ti Parakou dé kí oòrùn tó wọ̀. Ó gbé páálí ife kalẹ̀.

"Ta ló ní kó o kùn ún nírọ̀lẹ́ tí ọjà màlúù ku ọ̀la?"

Moctar ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. "Èmi fúnra mi ni, tata. Mo ti pẹ́ lẹ́yìn odi. N kò mọ̀ pé wọ́n ti yí ọ̀nà padà."

"Ọlọ́dà Cotonou," Àìná ní. "Voilà. Bó o bá béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, ṣé wọn ò ní sọ fún ẹ ni?"

Mo la ẹnu. Ikọ́ ló jáde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ikọ́ náà.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ha eruku yẹn kúrò. Ó tún un kùn láàárọ̀ kùtù, kí afẹ́fẹ́ tó jí. Kò wá béèrè àsìkò lọ́wọ́ mi. Nígbà tó gbẹ, ó mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré, ó tẹ̀ ba ní igun ìsàlẹ̀, ó kọ ọ́ gbàgàdà: RAFIOU DÉCOR. Orúkọ tirẹ̀ ò sí níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń bọ̀ mí lọ́wọ́. Àìná ní, "Ìlérí bàbá mi ṣẹ, ẹ̀gbọ́n." Kadidjatou pàápàá ní, "Baba Latifath, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ọ̀fọ̀ kọ́ nìyí."

R tó wà níbẹ̀ dúró ṣánṣán. N kò kọ R tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, orúkọ tèmi sì ni.

Mo gbé e mọ́ra fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, mo mú ìwé oníyanrìn lọ síbẹ̀, mo sì ha orúkọ mi kúrò títí mo fi kan páànù. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n rárá. Àìná jáde láti wá dáná, ó bá mi lórí ìkúnlẹ̀.

"Kí lẹ ń ṣe yẹn?"

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀.

"R rẹ̀ wọ́," mo ní.

Ó wò mí, ó mi orí. "Owú yìí ló máa sin yín, ẹ̀gbọ́n."

Kí ọyẹ́ tó tán, mo sọ fún Latifath pé kó wá mú mi. Mo ní nítorí ikọ́ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Latifath gbé fóònù wá bá mi. Moctar ló fi àwòrán ránṣẹ́. Ó tún ti kun ilé onítáyà, ìgbà kẹta rẹ̀ nìyí. Ó ń dán. Ní igun ìsàlẹ̀, ibì kan wà tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì tí kò fi àwọ̀ inú ẹyin kàn. Ọ̀dà pupa tí í lé ìpẹtà nìkan ló wà níbẹ̀. Ó fi ohùn rẹ̀ tẹ̀ lé e.

"Patron, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ibi tẹ́ ẹ ha yẹn, n kì í kùn ún, tiyín ni. Wọ́n ti la ọ̀nà tuntun fún màlúù lẹ́yìn ìlú, wọn ò gba ibẹ̀ mọ́. Àárọ̀ ni o, ìrọ̀lẹ́ ni o, ìgbà tó bá wù yín lẹ lè wá."

Ó ti mọ̀. Láti ọjọ́ tapólì yẹn ló ti mọ̀.

Mo ní kí Latifath tẹ ohun tí wọ́n ń tẹ̀ kí n lè sọ̀rọ̀ sí i.

"Moctar," mo ní, "àárọ̀ ló yẹ kí n sọ fún ẹ lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé màlúù ń bọ̀."

Latifath bi mí pé màlúù wo. Mo ní kó fi ránṣẹ́ ná. Nígbà tó lọ tán, mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fẹ àwòrán yẹn títí tó fi kún ojú rẹ̀, mo ń wá ibi tí ọ̀dà bá ti ṣàn, láti òkè funfun dé ibi táyà. N kò rí ọ̀kan.