Òkúta Tí Rèbékà Kó Sẹ́yìn Afárá

Ọyẹ́ ọdún kẹta lẹ́yìn òmìnira mú gan-an. Lójú ọ̀nà Ìjerò sí Ara, ilẹ̀ ya kúrò lẹ́yìn ògiri afárá tuntun, débi pé ẹsẹ̀ ọmọdé lè há síbẹ̀. Ọláìtán, fọ́máànù tó kọ́ ọ, wà nílé, ibà dá a dùbúlẹ̀. Kí ojú má baà tì í ni Rèbékà ìyàwó rẹ̀ ṣe kó àwọn obìnrin ìjọ jọ, tí wọ́n fi òkúta àti sìmẹ́ǹtì dí àlàfo náà pa. Orin ni wọ́n kọ délé.

Fún ọjọ́ méjì, kùrukùru ọyẹ́ bo oòrùn lójú. Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ojú ọ̀run mọ́ kedere, ibà sì fi Ọláìtán lọ́rùn sílẹ̀ díẹ̀. Rèbékà gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún un, ó sì ròyìn iṣẹ́ wọn. Ọpẹ́ ló ń retí. Ọkùnrin náà gbé abọ́ sílẹ̀.

“Rèbékà, afárá yẹn kò ní oríkèé. Láti òpin kan dé èkejì, ara kan náà ni. Bí òtútù bá mú un, á súnkì. Bí oòrùn bá pa á, á nà, ẹ̀yìn ògiri yẹn ló sì ń nà sí. Ibo lo ní kó nà sí báyìí?”

Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á. Rèbékà gbé dígà, ó sáré.

Oòrùn ti ń ta. Sìmẹ́ǹtì ti le bí egungun. Ó ń gbẹ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń bó. Comfort tó léwájú orin ìjọ ń bọ̀ láti oko, ó bi í bóyá ibà ọkọ ló ran ìyàwó. Rèbékà ṣàlàyé tẹkúntẹkún.

Comfort dá Rèbékà lóhùn pé, “Ìyá Lékan, ṣé rọ́bà ni kọnkéré ni?”

Jimoh awakọ̀ gbé ọkọ̀ kòkó dé láti Ìpótì, ó ń fun fèrè. Rèbékà na ọwọ́ méjèèjì sójú ọ̀nà, ó ní àfi kó gba orí òun kọjá. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ògiri fi dún bí ẹní fọ́ ẹkùrọ́. Ìlà tín-ín-rín là á láti òkè wá sísàlẹ̀, eruku funfun ń dà níbẹ̀.

Comfort sọ igi orí rẹ̀ sílẹ̀, ó mú ọkọ́. Àwọn obìnrin ìjọ yòókù gbọ́, wọ́n dé. Wọ́n gbẹ́ títí ọ̀sán fi pọ́n, kò sí ẹni tó kọrin. Nígbà tí wọ́n fi kan erùpẹ̀ rírọ̀, ìka méjì ti ń wọ ojú ìlà náà. Jimoh rọra yí ọkọ̀ padà.

Rèbékà gbójú sókè. Ẹnìkan ń fi ọ̀pá tilẹ̀ bọ̀ lọ́nà, ó da aṣọ òtútù borí. Ó mọ̀ pé aṣọ ọkọ òun ni. Kò lè lọ pàdé rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wa erùpẹ̀.