Ojú Ìyá Mi Lóríta Gáréèjì

Ẹ má sọ fún mi pé kí n fi sùúrù sọ ọ́. Mo ti ní sùúrù tó. Ta ni wọ́n máa fi ojú ìyá rẹ̀ ṣe irú nǹkan báyìí tí á máa fi ohùn jẹ́jẹ́ ròyìn rẹ̀?

Èmi ni Waheedat. Ìyá Tàófíìkì ni gbogbo Ṣakí ń pe ìyá mi, nítorí ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣòwò ní Pàràkú ni àkọ́bí wọn. Èlùbọ́ ni ìyá mi ń ṣe. Ní ẹ̀ẹ̀rùn èṣí, a sá gbódó, iṣu tí a ti bọ̀ fún èlùbọ́, sórí àpáta tó wà lẹ́yìn oko wa. Nígbà tó gbẹ, ìyá mi mú ẹyọ kan, wọ́n ṣẹ́ ẹ, ó dún káú, inú wọn dùn, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí àpáta. Gèlè yọ lórí wọn, wọn ò tiẹ̀ wo ibi tó bọ́ sí. Mo fi fóònù ká a sílẹ̀. Bàbá mi dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń fi ìyàwó wọn rẹ́rìn-ín, ohùn wọn sì wọ inú rẹ̀. Mo gbé fídíò náà sórí Tíkítọ́kì, àwọn èèyàn wò ó, àwọn náà rẹ́rìn-ín, ó parí síbẹ̀.

Kí ọdún tó yí po, bàbá mi kú.

Ìyá mi wọlé opó. Opó Mùsùlùmí ni, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Obìnrin ò ní ṣe ọ̀ṣọ́, kò ní fi lọ́fínńdà sára, kò sì ní jáde nílé àfi tí ọ̀ràn tó ká a mọ́ bá dé. Ìyá mi pa á mọ́ ju bí ẹ̀sìn ṣe ní kí wọ́n pa á mọ́ lọ. Aṣọ tí wọ́n bá fọ̀, èmi ni wọ́n ń pè kí n lọ sá a lẹ́yìnkùlé. Ìfẹ́ ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Wọ́n fẹ́ràn ọkùnrin yẹn.

Inú opó yìí ni wọ́n wà tí mo gun ọ̀kadà kọjá lóríta gáréèjì ní ọ̀sán gangan, tí mo gbójú sókè tí mo rí ìyá mi. Ilé iṣẹ́ kan tó ń di èlùbọ́ sínú ọ̀rá, Àdídùn lorúkọ wọn, ti gbé tẹlifíṣọ̀n gbàgàdà kan kọ́ síbẹ̀. Ìyá mi ló wà nínú rẹ̀, orí wọn ṣí sílẹ̀, wọ́n ń jó. Àdídùn ti yọ ohùn bàbá mi kúrò nínú fídíò mi, wọ́n ti fi orin dípò rẹ̀. Wọ́n wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé Àdídùn lèmi ń jẹ nílé mi. Mo ní kí ọlọ́kadà dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀. Ìyá mi tí kì í fẹnu kan èlùbọ́ tí ẹlòmíràn bá ṣe! Àdídùn wo?

Kí n tó délé, ìròyìn ti ṣáájú mi. Àǹtí Fàtímọ̀, àbúrò bàbá mi, ti dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń pariwo pé ilẹ̀ tí wọ́n fi bo ẹ̀gbọ́n òun ò tíì gbẹ, ìyàwó rẹ̀ ti ṣí orí sílẹ̀, ó ń jó fún àwọn tó ń ta èlùbọ́. Láti ọdún tí mo ti gbọ́njú, "Ìyá Tàófíìkì" ló máa ń pe ìyá mi, "ẹ" ló sì máa ń fi bá wọn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà, "ìwọ obìnrin yìí" ló ń pè wọ́n. Mo na fídíò tí mo kọ́kọ́ yà sí i kó gbọ́ ohùn bàbá mi nínú rẹ̀. Kò wò ó. Ó ní kò sí irọ́ tí fóònù òde òní ò lè pa. Ó ní tí opó bá parí, ẹbí ò ní bá wọn ṣe àdúà ìjáde, kí wọ́n yáa di ẹrù wọn, kí wọ́n gba ilé bàbá wọn lọ.

 Ìyá mi jókòó sórí ẹní, wọ́n ń wo àtẹ́lẹwọ́ wọn. Obìnrin tó ti lo gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ nínú ilé yẹn, tí kò sì lè jáde lọ gbèjà ara rẹ̀ nítorí pé opó kan náà tí wọ́n ní ó tàpá sí ló dè é mọ́lẹ̀. Inú bí mi débi pé omijé ò wá. Mo ní kò burú, ẹsẹ̀ tèmi ò sí nínú opó.

Mo lọ bá máńéjà Àdídùn, Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹlé. Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ ní kí n jókòó. Ó ní ohunkóhun tó bá ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti di ti gbogbo ayé, ṣebí èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé e síbẹ̀.

Mo ní, "Gbódó wa náà, orí àpáta la sá a sí, ìta gbangba ni. Ṣé ẹ máa lọ kó ìyẹn náà ni?"

Ó ní kí ẹ̀ṣọ́ wá mú mi jáde. Mo fi ẹsẹ̀ ara mi jáde, mi ò jẹ́ kó fọwọ́ kàn mí, mo sì gba ọ́fíìsì Lọ́yà Gbémisọ́lá lọ tààrà. Ọmọ Òkèhò ni obìnrin náà, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo fídíò méjèèjì, tèmi àti tiwọn, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní ẹni tó ya fídíò ló ni ín, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló sì ni ojú ara rẹ̀, wọn ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú àwa méjèèjì. Ó ní ká pè wọ́n lẹ́jọ́. A pè wọ́n.

Ìgbà náà ni wọ́n wá mọ ọ̀nà ilé wa. Wọ́n kó owó wá, wọ́n ní ká gbà á ká dákẹ́. Mo ní ohun tí a fẹ́ ni pé kí tẹlifíṣọ̀n tó bà wá lórúkọ jẹ́ sọ ọ́ lóríta kan náà pé wọ́n jí fídíò náà gbé ni, pé bàbá mi wà láàyè nígbà tí a yà á. Wọ́n ní ìyẹn ò ṣeé ṣe. Mo ní kí wọ́n gbé owó wọn dání lọ.

Nígbà tí a dé iwájú adájọ́, wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà. Akínyẹlé ní lóòótọ́ fídíò náà ti pẹ́, ṣùgbọ́n òun ti bá ìyá fúnra wọn sọ ọ́ lórí fóònù lẹ́yìn ikú ọkọ wọn, wọ́n ní kò sí wàhálà, inú wọn tiẹ̀ dùn. Irọ́ gbuu! Adájọ́ ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ìyá wá fẹnu ara wọn sọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Lọ́yà Àdídùn rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ti wádìí wa, wọ́n mọ̀ pé opó ò ní jáde.

Lọ́yà Gbémisọ́lá wá sílé, ó ní òun lè bẹ adájọ́ kó sún ẹjọ́ síwájú títí opó á fi parí. Ìyá mi bi í bóyá wọ́n á pa tẹlifíṣọ̀n náà títí dìgbà yẹn. Ó ní rárá, kò tíì sí àṣẹ tó máa dá a dúró. Ìyá mi ní kí n lọ bi Lèmọ́mù. Lèmọ́mù ní ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lè jáde lọ́sàn-án, kó ṣáà padà sílé kí oòrùn tó wọ̀. Àǹtí Fàtímọ̀ ní òun ò mọ ti Lèmọ́mù o, ẹni tó bá fẹsẹ̀ kọjá ìloro yẹn, òun ti mọ irú ẹni tó jẹ́.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo háyà ọkọ̀ tí gíláàsì rẹ̀ dúdú, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí wọn. Ìyá mi jáde nínú aṣọ opó, wọ́n wo ọkọ̀ náà, wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Wọ́n ti gbé ojú mi lọ síbi tí mi ò lọ," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kí n fẹsẹ̀ ara mi gbé e débi tí mò ń lọ."

A fẹsẹ̀ rìn. Ọlọ́kadà ń dúró, àwọn èèyàn ń jáde síta ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí a dé oríta gáréèjì, ìyá mi dúró gan-an lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà. Wọ́n ń jó lókè, gèlè ti bọ́. Nísàlẹ̀, wọ́n dúró ṣinṣin, aṣọ bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọn èèyàn wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má bínú sí wa." Ìyá mi kàn mi orí, a sì ń lọ.

Ní kóòtù, ìyá mi búra, wọ́n ní àwọn ò bá Akínyẹlé sọ̀rọ̀ rí láyé. Lọ́yà Àdídùn ṣe bí ọlọ́gbọ́n, ó bi wọ́n pé tí opó bá lè jáde wá sí kóòtù, kí ló dé tí kò lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ìyá mi wò ó. "Adájọ́ bèèrè pé kí n wá, mo wá. Ti fídíò yẹn, ẹ ò bèèrè."

Adájọ́ ní kí Akínyẹlé dárúkọ nọ́ńbà tó pè. Ó ní òun ti gbàgbé. Adájọ́ ní ká tan fídíò tèmi, kí gbogbo kóòtù gbọ́ ọ. Bí ijó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rín bàbá mi tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ohùn wọn: "Rọra o, Ìyá Tàófíìkì, àpáta yẹn ń yọ̀." Látìgbà tí bàbá mi ti kú, ìyá mi ò gbọ́ ohùn yẹn. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di igi iwájú wọn mú, wọ́n ò jẹ́ kí omijé bọ́ níwájú Akínyẹlé. Èmi ni mo sunkún fún àwa méjèèjì.

A jàre. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ìyá mi ti padà sórí ẹní wọn. Nígbà tó ṣe díẹ̀, tẹlifíṣọ̀n oríta ò jó mọ́. Ọ̀rọ̀ tí adájọ́ pa láṣẹ ló ń sọ látàárọ̀ dalẹ́, pé Àdídùn lo ojú ìyá yìí láìgba àṣẹ, pé ọkọ wọn wà láàyè nígbà ijó náà, pé ìyá ò rú òfin opó.

Ọjọ́ tí ìyẹn bẹ̀rẹ̀ ni Àǹtí Fàtímọ̀ wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kan náà tó ti pariwo, kò lè wọlé. Ó ní, "Ìyá Tàófíìkì, wọ́n ní ohùn ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè gbà kí n gbọ́ ọ?"

Mo ti la ẹnu láti dá a lóhùn bó ṣe tọ́ sí i. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Ìyá mi gbọ́wọ́ sókè.

"Waheedat," ni wọ́n wí, "gbé fóònù fún wọn. Wọ́n bèèrè."