Ọkọ̀ Gulzat ní Pápá Suusamyr

Nígbà tí ara Sagynbek ṣì le, kò sí awakọ̀ tó mọ òkè Töö-Ashuu bíi tirẹ̀. Bí yìnyín bá bo ọ̀nà, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ sọ fún un pé táyà fẹ́ yọ̀, kí ojú tó rí i. Àfi bí ìtọ̀ ṣúgà ṣe wọ̀ ọ́ lára, tó ń pa iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá tẹ ilẹ̀, àfi bí ẹni tẹ òwú. Dókítà ní ohun tó ti kú níbẹ̀ kò ní jí mọ́.

Gulzat, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kò gbà. Ó ra ọkọ̀ kan tó ní bọ́tìnnì roboto lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà. Bí èèyàn bá yí i sí ti jẹ́jẹ́ tàbí ti eré, ìwà ọkọ̀ náà á yí padà, ó sì rò pé èyí á jẹ́ kí bàbá rẹ̀ tún máa mọ ọkọ̀ lára. Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, ó gbé bàbá rẹ̀ kọjá òkè lọ sí pápá Suusamyr, ó sì dúró lójú ọ̀nà eléruku kan tó dá páropáro.

"Bàbá, ẹ bọ́ sídìí sítíárìn."

"Èmi? Ṣé o fẹ́ sọ ìyá ẹ di opó ni?"

"Ìyá mi ní tẹ́ ẹ bá tún jókòó wo ògiri, òun fúnra òun máa lé yín jáde. Ẹ bọ́ síbí jàre."

Sagynbek rẹ́rìn-ín, ó sì bọ́ síbẹ̀.

"Ti jẹ́jẹ́ nìyí," Gulzat wí. "Tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì tẹ túrọ́tù jù, kò ní tètè dá yín lóhùn."

Ọkọ̀ náà gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́, bíi màlúù tó yó. Ojú bàbá tàn. Ó pẹ́ tí Gulzat ti rí i bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Ti eré ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká máa bá eléyìí lọ ná."

"Ta ló kọ́ ẹ lọ́kọ̀ wíwà, ìwọ ọmọ yìí?"

Gulzat yí bọ́tìnnì. Ohùn ẹ́ńjìnnì kì, sítíárìn sì le lọ́wọ́ Sagynbek. Ó rò pé òun kàn fẹsẹ̀ kan túrọ́tù ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ta bí ẹṣin tí wọ́n nà ní pàṣán. Níwájú, àwọn abo ẹṣin àti ọmọ wọn ń sọdá.

"Búréèkì! Bàbá, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò!"

"Mo ti gbé e kúrò!"

Gulzat gbá sítíárìn mú, ó yọ ọkọ̀ náà kúrò nínú jíà, ó sì fa búréèkì ọwọ́. Ọkọ̀ náà já sínú koríko, ó dúró, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ké. Sagynbek wolẹ̀. Bàtà rẹ̀ ṣì wà lórí túrọ́tù, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá.

"Ti eré ló fà á," Gulzat wí. "Ẹ jẹ́ ká dá a padà sí ti jẹ́jẹ́, ká tún..."

"Mo gbé e kúrò, Gulzat. Mo lè búra fún ẹ."

Gulzat pa ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ ló fi gbé ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ kúrò lórí túrọ́tù.

Gulzat ló wa ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń gun òkè padà. Ó tún yí bọ́tìnnì sí ti eré, bóyá inú bàbá rẹ̀ á dùn. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára?"

"Mo mọ̀ ọ́n," bàbá dáhùn, ó kọjú sí fèrèsé.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ bọ́ bàtà fún un lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀jẹ̀ ti rin ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ gbindin.

"Kí ló gé ọ lẹ́sẹ̀?"

Sagynbek wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Kò mọ̀.