Ọkọ̀ Tí Kò Pariwo

Ẹ bá mi wo Rekiyat nídìí ọkọ̀ ojú omi tuntun! Sólà ń dán lórí òrùlé, bátìrì wà lábẹ́ ìjókòó, kò sí òórùn bẹntiróòlù rárá. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní Ugbonla ló dáwó jọ ra ọkọ̀ náà, wọ́n ní Rekiyat ni kó máa wà á. Òní gan-an ni yóò kọ́kọ́ gbérò.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan ṣoṣo, ta ni yóò gbé, ta ni yóò fi sílẹ̀? Mẹ́rin ni wọ́n tún ń wá. Ìyẹn ló gbé Ọ̀gbẹ́ni Ọlálẹ́yẹ wá láti Àkúrẹ́, láti iléeṣẹ́ kan tó ń yáni lówó ra ọkọ̀ tí kì í rú èéfín. Bàtà dídán ló wọ̀ wá sórí omi!

“Màdáàmù,” ó ní, “ohun kan ni mo wá wò. Ṣé àwọn èèyàn á wọ̀ ọ́? Bí wọ́n bá wọ̀ ọ́, mo fọwọ́ síwèé lónìí, ọkọ̀ mẹ́rin á dé. Bí wọn ò bá wọ̀ ọ́, mo pa fáìlì dé nìyẹn.”

“Ọ̀gá, ọjọ́ ọjà Igbókòdá lòní. Wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé yín lẹ́sẹ̀.”

Ó wí bẹ́ẹ̀, ó gbéra. Ọkọ̀ ń yọ́ lọ lórí omi bí ẹni yọ́ jáde nílé àna. Wọ́n dé èbúté àkọ́kọ́: ewúrẹ́ kan ló dúró níbẹ̀, kò sì jọ ẹni tó ń rìnrìn àjò. Wọ́n dé èkejì: ewúrẹ́ pàápàá ò sí. Ọlálẹ́yẹ kọ nǹkan sínú ìwé. Rekiyat yọjú wò ó: òdo gbàǹgbà! Inú ẹ̀ bà jẹ́. Kí ló fẹ́ sọ fáwọn ìyá tó fi owó ẹja ra ọkọ̀?

Ibi tí wọ́n ti ń kọjá lábẹ́ ilé Ìyá Godspower, ilé orí òpó létí omi, ni wọ́n rí màmá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wọṣọ ọjà tán, apẹ̀rẹ̀ ẹja wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀.

“Háà! Rekiyat! Níbo lo ti yọ bí iwin?”

“Màmá, ọkọ̀ ọjà ni! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ̀ kalẹ̀?”

“Ọkọ̀ wo? Etí mi ò gbọ́ nǹkan kan! Ta ni yóò lọ dúró sí èbúté kí oòrùn yan án bí ẹja?”

Yéè! Rekiyat gbá orí mú. Lórí omi yìí, etí laago. Bí pù-pù-pù ẹ́ńjìnnì bá dún lókèèrè, ìgbà yẹn lèèyàn ń ti ilẹ̀kùn lọ sí èbúté. Gbogbo ilé ló ti múra, tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì tí kò ní dún láéláé!

Ó yí ọkọ̀ padà, ó la ẹnu: “Gbùrùrùrù! Pù-pù-pù-pù!”

Ìyá Godspower tó ti wọ ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. “Ẹ́ńjìnnì tìẹ yìí níkọ́. Ó yá, ìwọ ọkọ mi tó wọ bàtà dídán, ohùn tìẹ dà?”

“Èmi kẹ̀, màmá? Owó ni wọ́n ní kí n gbé wá.”

“Gbóhùn wá ná, owó á tẹ̀ lé e!”

Ni Ọlálẹ́yẹ bá fọwọ́ bojú: “Pù... pù... pù-pù-pù-pù!” Olúwa ò! Ohùn ọkùnrin náà nípọn bí ẹ́ńjìnnì olówó ńlá. Ilẹ̀kùn ń ṣí gbàgà gbàgà, àwọn èèyàn ń sáré bọ̀ lórí pákó pẹ̀lú ẹrù, wọ́n ń wá ẹ́ńjìnnì, ẹnu ọ̀gá fáìlì ni wọ́n bá a! Ẹ̀rín ni wọ́n fi wọ ọkọ̀ kún.

Èbúté ìkẹyìn, Beauty dé, ọmọ lẹ́yìn, agbọ̀n edé lórí. Ààyè ti tán. Ìyá Godspower wo gbogbo wọn yíká.

“Ẹni tí kò sanwó ọkọ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ o.”

Gbogbo ojú yí sí Ọlálẹ́yẹ. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó bọ́ sórí pákó, ó tẹ́ ìwé ọkọ̀ mẹ́rin lórí agbọ̀n edé, ó fọwọ́ sí i, ó nà án sí Rekiyat. Beauty gba ìjókòó ẹ̀.

“Màdáàmù, èmi wá ńkọ́?”

“Ọ̀gá mi, ẹ dúró síbẹ̀. Ọkọ̀ kejì ń bọ̀.”

“Ìgbà wo?”

“Ìgbà tẹ́ ẹ bá fowó ẹ̀ ránṣẹ́!”