Ẹran Tó Yí Kókó Ká

Bí ẹnì kan bá wà ní Oǹdó tí kì í fẹ́ kí ẹlòmíì bá òun ṣe iṣẹ́ òun, Kíkẹ́ ni. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, bíró pupa kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àní ó ti fi í tún ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì ṣe rí, kí Àlùfáà tó kà á. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń gbà fún: ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àǹtí Jíbọ́lá, tó tọ́ ọ dàgbà láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n yọ kókó kan ní ọmú òsì Kíkẹ́ nílé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́ nínú oṣù kìn-ín-ní, tí wọ́n ní èsì àyẹ̀wò máa gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi gbígbà rẹ̀ sílẹ̀ fún Àǹtí. Ìjọ́kà ni ilé Àǹtí, kò jìnnà síbẹ̀.

"Máa lọ sí Oǹdó, lọ sinmi," Àǹtí wí. "Màá bá ọ gbà á."

Ó gbà á lóòótọ́. Ọ̀sán ọjọ́ tó gbà á ló pè é lórí fóònù, ó ní, "Ọlọ́run ti ṣe é! Wọ́n ti yọ gbogbo rẹ̀, kò ku nǹkan kan." Kíkẹ́ sunkún ayọ̀ nínú ọ́fíìsì títí àwọn tíṣà fi sáré wọlé. Nínú oṣù kejì, ó ṣe ìdúpẹ́. Rufus ọkọ rẹ̀ bá a jó dé iwájú pẹpẹ, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ tẹ̀ lé wọn, Àlùfáà gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà. Àdúrà náà tiẹ̀ gùn jù fún ẹni tí ara rẹ̀ ti yá, ṣùgbọ́n ta ló ń fura sí àdúrà?

Oṣù keje ni ọwọ́ Kíkẹ́ kan ohun líle kan lábẹ́ abíyá níbi tó ti ń wẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó wọ mọ́tò ní gáréèjì, ó di Àkúrẹ́.

Dókítà Olúwatúnmiṣe tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ṣí fáìlì, ó wò ó, ó sì gbójú sókè.

"Mà, ibo lẹ wà láti oṣù kejì?"

"Ibo ni mo wà, báwo? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ó ti tán?"

"Èmi kọ́," dókítà dáhùn. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Kókó tá a yọ, jẹjẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kókó nìkan là ń wò níbí. À ń wo ẹran tó yí i ká pẹ̀lú. Iṣẹ́ ẹran yẹn ni kó di ara mú, kó sì tún ibi tó bá bàjẹ́ ṣe. Nígbà míì, jẹjẹrẹ á tàn án, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í da èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù sílẹ̀. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ewé ìbẹ́pẹ wé ẹran líle kó lè rọ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ́ńsáìmù inú ewé ló ń ṣe é. Irú ti inú ara yìí ló máa ń gé ohun tó so ẹran ara pọ̀, tí ọ̀nà á fi là fún àrùn. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Tiyín pọ̀ jọjọ, mà. Ohun tá a fi mọ̀ nìyẹn pé ó lè padà, kó sì tètè padà. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn láàárín oṣù kan."

"Ta lẹ kọ ọ́ fún?"

Ó yí fáìlì náà sí i. Ìfọwọ́sí Àǹtí Jíbọ́lá ló wà níbẹ̀, gàdàgbà. "Wọ́n ní àwọn ni ìyá yín, pé àwọn á mọ bí àwọn á ṣe sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà la máa ń ṣe é. Àmọ́ èmi fúnra mi ló yẹ kí n bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ má bínú."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe é lóòótọ́! Lọ́dọ̀ tiwa, àìsàn kì í ṣe ti aláìsàn, ti ẹbí ni. Ìròyìn burúkú á kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àgbà, àgbà á gbé e mì, á ní kò tíì tó àkókò, ẹni tó ni ara ni yóò gbọ́ gbẹ̀yìn. Kíkẹ́ náà ti ṣe é rí. Nígbà tí bàbá wọn ń kú lọ, òun wà lára àwọn tó ń sọ fún un pé ibà ni. Ó rántí ìyẹn níbi tó jókòó sí, inú bí i sí ara rẹ̀ pẹ̀lú.

"Ṣé ó ti pẹ́ jù?"

"Mi ò lè sọ. Ká ní oṣù kejì ni, ẹnu mi ì bá gbà á láti sọ ohun tó dáa. Ẹ padà wá lọ́la, a ó tún yẹ̀ yín wò, a ó sì bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí."

Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìjọ́kà. Àǹtí Jíbọ́lá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. "Ìwọ nìyí? O ò tiẹ̀ pè!"

Kíkẹ́ ò kúnlẹ̀ kí i. "Àǹtí, ìwé mi dà?"

Ọwọ́ Àǹtí dúró lórí ẹ̀wà. Kò bi í pé ìwé wo. Ó wọ yàrá, ó gbé Bíbélì rẹ̀ jáde, ó yọ ìwé náà láàárín Sáàmù, ó sì nà án sí i. Ó ti mu òróró àdúrà dé ìdajì, lẹ́tà ibẹ̀ ti ń pòórá.

"Àràárọ̀ ni mò ń gbé e síwájú Ọlọ́run," ó ní. "Ogójì ọjọ́ ni mo fi gbààwẹ̀ lé e lórí. Kíkẹ́, o kéré nígbà náà, o ò rí i. Ọjọ́ tí wọ́n sọ ohun tó ń ṣe ìyá wa fún un ló ti kú, kó tó di pé àìsàn pa á."

"Ta ló tún mọ̀?"

"Rufus."

"Ta ló tún kù?"

Àǹtí wolẹ̀. "Àlùfáà. Àti ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, kí wọ́n lè máa bá wa gbà á ládùúrà."

Ọjọ́ ìdúpẹ́ padà sí Kíkẹ́ lójú: Rufus tó ń fi aṣọ ìnujú fẹ́ ẹ, àwọn ìyá tó ń dì mọ́ ọn, tí omi ń bọ́ lójú wọn, tó rò pé ayọ̀ ni. Gbogbo wọn ló mọ̀. Òun nìkan ló ń dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ dókítà dẹ́rù bà á, ṣùgbọ́n èyí dùn ún wọ egungun.

"Ẹni tí mo ní kó fẹ́ mi lójú ló fi ata sẹ́nu," ó wí. "Oṣù márùn-ún gbáko, Àǹtí! Ẹ wò mí, ẹ sì ń bá mi rẹ́rìn-ín."

Àǹtí Jíbọ́lá kúnlẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, ó di ògiri mú kó tó lè kúnlẹ̀. "Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rù máa bà ọ́ ni, ọmọ mi."

"Ẹ̀rù ì bá bà mí, kí n sì yè."

Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún àbúrò. Ọmọ tí wọ́n bá tọ́ dáadáa, fífò ló máa fò dìde, á gbá apá àgbà mú, á máa ní èèwọ̀, èèwọ̀. Jíbọ́lá fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ Kíkẹ́ nírú ìyẹn. Kíkẹ́ ká ìwé náà sínú báàgì rẹ̀, ó dúró, ó ń wo irun funfun ẹni tó fi ẹ̀yìn pọ̀n ọ́n. Kò ní kó dìde.