Ẹ̀rín Tó Bọ́ Sínú Ẹ̀rọ

Ẹ bi òkúta léèrè ọ̀rọ̀, ó lè dá yín lóhùn ṣáájú aránṣọ àgbà yìí. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ka orí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ. Ilé ìkàwé ń gba ìtàn ayé àwọn àgbà sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ nìkan kọ́ ló gbé e wá. Ó ṣì wà lọ́mú nígbà tí ìyá tó bí i kú. Ìyá àgbà yìí ló tọ́ ọ dàgbà, síbẹ̀ kò fẹnu kan ọ̀rọ̀ ọmọ tó sin rí. Bí wọ́n bá ti dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á sọnù, tàbí kó rántí pé òun gbé omi kaná.

“Màmá, báwo ni ìyá mi ṣe rí ní kékeré?”

“Ó dáa.”

“Kí ló fẹ́ràn láti máa ṣe?”

“Ohun tí ọmọdé ń ṣe.” Ó tẹ maṣíìnì rẹ̀ lọ.

Àbúrò Màmá, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró de ṣòkòtò rẹ̀ tó ya. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó ní, “Ọmọ jẹ́jẹ́ ni ìyá ẹ. Àdàbà ni!”

Maṣíìnì dákẹ́.

“Ta ni àdàbà? Ogbó ti dé sí ẹ o! Ọmọ tó gé ṣòkòtò ìgbéyàwó oníbàárà mi, tó fi rán ẹ̀wù fún ewúrẹ́? Ọkọ ìyàwó wá gba aṣọ, ewúrẹ́ ló wọ̀ ọ́ jáde wá pàdé e! Ọmọ náà bá ní, ‘Ẹ wò ó, bọ̀dá, ó yẹ ẹ́ jù yín lọ.’”

Òfin iṣẹ́ wọn ni pé ẹni tó ń gba ìtàn kò gbọdọ̀ fi ohùn tirẹ̀ bo ti onítàn mọ́lẹ̀. Orí ni kó máa mì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu ọmọbìnrin náà, ó rín in títí tó fi di ìhà mú.

Ìtàn kan fa òmíràn. Màmá ń sọ ọ́, omijé ń bọ́, kò sì dúró nù ún. Nígbà tó parí, ọmọbìnrin náà tẹ ẹ̀rọ padà sẹ́yìn kí wọ́n gbọ́ ọ. Ojú tì í.

“Ẹ má bínú, Màmá. Mo bo ọ̀rọ̀ yín mọ́lẹ̀ níbí. Màá yọ ẹ̀rín yìí kúrò.”

Màmá gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ọkọ mi, má yọ ọ́. Ẹ̀rín ìyá ẹ nìyẹn, bó ṣe máa ń rín in gẹ́lẹ́. Gbogbo ìgbà tó o bá ti rín in, ọkàn mi á gbọgbẹ́, á tún jinná. Jẹ́ kí n tún gbọ́ ọ.”

Ọmọbìnrin náà tún un tẹ̀. Ìyá rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín láàárín yàrá náà.