Ẹni Tó Kẹ́yìn Nínú Ọkọ̀

Kùrukùru bo ọ̀sà láàárọ̀ ọjọ́ náà, àfi bíi pé ayé ò tíì jí. Oyèrónkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Ajara, níbi tí wọ́n ti ń se òróró àgbọn, ó ń retí àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́. Láti Èkìtì ló ti ń lá àlá ilé iṣẹ́ yìí. Ọ̀rá àgbọn tí wọ́n fún lánàá ti léfòó sójú abọ́. Bí wọn ò bá gbé e kaná kí oòrùn tó mú, yóò kan, oníbàárà rẹ̀ ní Mowo ò sì ní í wẹ̀yìn wò mọ́. Àlá pin nìyẹn.

Òun náà ló fà á tí wọ́n fi pẹ́. Ó gbọ́ òfin kan lẹ́nu ẹni tó ń kọ́ àwọn oníṣòwò kéékèèké: ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á gba ẹ̀bùn, ẹni tó bá kẹ́yìn á padà sílé. Ó dùn létí, àbí? Ó gbàgbé pé Topo ni gbogbo wọn ń gbé, ọkọ̀ kan náà ló sì ń kó wọn sọdá ọ̀sà. Ta ní í kọ́kọ́ dé nínú àwọn tó jọ wọkọ̀ kan? Lánàá, Bọ́ládé tó lóyún, tó ń rọra sọ̀ kalẹ̀, ló kẹ́yìn. Oyèrónkẹ́ dá a padà. Àánú ṣe é, ṣùgbọ́n ó ní òfin lòfin.

Nígbà tí kò rí ẹnì kankan, ó gba etí omi lọ. Orin ló kọ́kọ́ gbọ́. Kùrukùru ṣí díẹ̀, ó wá rí i pé ọkọ̀ ti gúnlẹ̀. Àwọn obìnrin náà jókòó sínú rẹ̀ jẹ́ẹ́, wọ́n ń kọ orin Ègùn lábẹ́lẹ̀, omi ń mì wọ́n bí ìyá ṣe ń mi ọmọ ẹ̀yìn. Ó ro pé bóyá òun ṣì ń sùn ni.

"Àǹtí Ruth, ṣé kò sí o?" ó bi ẹni tó dàgbà jù nínú wọn. "Ẹ ò sọ̀ ni?"

"Màdáàmú, ẹ káàárọ̀. A ti dé tipẹ́. Ẹni tó bá sọ̀ kẹ́yìn lẹ máa lé. Bí ẹnì kankan ò bá wá sọ̀ ńkọ́?"

"Ọ̀rá yẹn á kan o!"

"A mọ̀, ó ń dun àwa náà. Ṣùgbọ́n a kì í jọ wọkọ̀ ká fi ẹnì kan sílẹ̀ létí omi. Àwọn ìyá wa ò ṣe é rí."

Bọ́ládé gbé ọwọ́ lé ikùn, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ojú ti Oyèrónkẹ́, ó tì í gidi. Ó bọ́ bàtà, ó ká ìró sókè, ó wọ́ inú omi lọ bá wọn, ó gun ọkọ̀, ó sì jókòó sẹ́yìn pátápátá.

"Ó yá, ẹ máa sọ̀. Èmi ni mo kẹ́yìn lónìí."

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, wọ́n di Bọ́ládé mú lápá méjèèjì. Ó wá ku Oyèrónkẹ́ nìkan nínú ọkọ̀, kùrukùru yí i ká, àyà rẹ̀ sì fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà.

"Màdáàmú," Ruth pè é láti orí iyanrìn, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra, "òfin ní kí ẹni tó kẹ́yìn padà sílé. Èkìtì sì jìnnà."

"Ó jìnnà o, Àǹtí mi."

"Ẹ bọ́ sílẹ̀, jàre, ká lọ dáná."

Ọwọ́ Bọ́ládé ló kọ́kọ́ nà sí i.